Ṣé Ilẹ̀ Ni Mo Fẹ́ Rà Ni, àbí Àgbọ̀nrín?

Wọ́n tún ti fowó lé e! Onílẹ̀ tí mo ń háyà igbó lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa dọdẹ ní Texas níbí pè mí láàárọ̀ yìí: kí n san ìlọ́po méjì owó èṣí, àbí kí n kẹ́rù mi kúrò. Ìlọ́po méjì! Kí ló yí padà? Ṣé àgbọ̀nrín ibẹ̀ ti hu ìwo wúrà ni?

Òun ló nilẹ̀, mo gbà. Ẹran tó ń jẹko lórí ẹ̀ ńkọ́? Òfin Texas ní gbogbo aráàlú ló ni ẹran ìgbẹ́. Báwo ni n óò ṣe wá dé ìdí ẹran mi, nígbà tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí tó jẹ́ ti aládàáni? Ilẹ̀ ìjọba kẹ̀? Ọdẹ ibẹ̀ pọ̀ ju igi lọ!

Itan ẹran ni bàbá bàbá mi ń gbé fún baálẹ̀, ó parí. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Èmi tí mò ń ro owó ilẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́? Ṣé olówó epo rọ̀bì nìkan ni yóò máa dọdẹ ni?

N ò san. Mò ń lọ tú àgọ́ mi.