Rábì Satmar kì í ṣe ọ̀tá àwọn Júù

Ó ti sú mi kí n máa gbọ́ pé ẹni tó bá ti ta ko ìjọba Ísírẹ́lì, ọ̀tá àwọn Júù ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ti Joel Teitelbaum, rábì àwọn Júù Satmar, ìjọ Júù kan tó rọ̀ mọ́ òfin ẹ̀sìn wọn tọkàntọkàn.

Ọdún 1887 ni wọ́n bí i ní ìlú Sighet, tó wà ní Romania lónìí. Títí tó fi kú ní 1979, kò gbà pé ó yẹ kí Ísírẹ́lì di orílẹ̀-èdè, ó sì kọ odidi ìwé lé e lórí. Inú Talmud, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́, ló ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ: Ọlọ́run mú kí àwọn Júù búra pé wọn ò ní fi agbára wọ́ lọ gba Ilẹ̀ Mímọ́, wọn ò sì ní ṣọ̀tẹ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà láàárín wọn. Mèsáyà ni yóò kó wọn padà. Ẹni tó bá kánjú ṣe é ń gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe.

Ní 1944, nígbà táwọn ọmọ ogun Hitler wọ Hungary, ọkọ̀ ojú irin kan ló gbé e jáde pẹ̀lú àwọn Júù tó tó 1,700. Rezső Kasztner tó bá àwọn Nazi dúnàádúrà lórí ọkọ̀ yẹn, Zionist pọ́ńbélé ni, ìyẹn àwọn tó ń jà kí àwọn Júù ní orílẹ̀-èdè tiwọn ní Ilẹ̀ Mímọ́. Àgọ́ Bergen-Belsen ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ. Oṣù Kejìlá ni rábì tó dé Switzerland. Di òní, tó bá ti di ọjọ́ 21 oṣù Kislev, ọjọ́ ìdáǹdè rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Satmar máa ń péjọ ní Brooklyn ní New York, wọ́n á jẹ, wọ́n á kọrin, wọ́n á dúpẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan ní aláìmoore ni rábì yìí, torí Zionist ló gbà á là, ó sì tún ń ta ko àwọn Zionist. Èmi ò gbà. Ẹni tó yọ èèyàn nínú iná ò tìtorí ẹ̀ ra ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ibi témi àti ẹ̀ ti yapa ni pé ó ní ẹ̀ṣẹ̀ Zionist ló fa ìpakúpa Hitler. Rárá o! Hitler àtàwọn èèyàn ẹ̀ ló pa wọ́n, tọmọ ọwọ́ tarúgbó. Kò yẹ káwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu olùtọ́jú ọkàn wọn.

Àmọ́ ohun tó wí náà ló ṣe. Ní 1946 ó dé New York, ìwọ̀nba ìdílé tí ikú ṣẹ́ kù ló fi bẹ̀rẹ̀ ìjọ ní Williamsburg, ìjọ yẹn sì wà lára ìjọ Hasid, ìyẹn àwọn Júù ẹlẹ́sìn tó máa ń tẹ̀ lé rábì kan, tó tóbi jù láyé lónìí. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó wà ní Ísírẹ́lì gan-an kì í dìbò, ilé ẹ̀kọ́ wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, bọ́mọ ṣe pọ̀ lọ́wọ́ wọn tó.