Ajá yín ń họra? Ẹ má tíì dá ẹ̀bà àti iyọ̀ lẹ́bi

"Ẹ má fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀ mọ́." Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí ẹni tó ní ajá tó ń họra máa gbọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ ní Mushin, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹni kejì á ní ẹ̀bà ni kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹni kẹta, tó ń ta oúnjẹ ajá alápò, á ní kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó ń jẹ sí òmíràn tó wọ́n jù ú lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì la irun ajá ọ̀hún wò.

Ohun tó wà lórí awọ ajá ló sábà máa ń mú un họra nílẹ̀ wa níbí, kì í ṣe ohun tó wà nínú abọ́ rẹ̀. Àlẹ́jì oúnjẹ wà lóòótọ́, mi ò ní kò sí. Àmọ́ òun ló yẹ ká fura sí kẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ òun náà ni, pípààrọ̀ àpò kan sí òmíràn kọ́ la fi ń mọ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kì í pẹ́ tán. Ajá nílò iyọ̀, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ alápò gan-an máa ń fi sí i. Bó bá jẹ èyí tó pọ̀ díẹ̀, tó sì rí omi mu, á tọ̀ ọ́ dànù. Àjẹjù iyọ̀ lè pa á o, ṣùgbọ́n èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ara gbígbọ̀n àti gìrì ló fi ń hàn. Ẹ̀bà ńkọ́? Èròjà amáradàgbà ni ara ajá sábà máa ń bá jà nígbà tí àlẹ́jì oúnjẹ bá wà. Gàrí kò sì ní tó nǹkan nínú èròjà yẹn, kò ju bí 1 nínú 100 lọ. Ẹ̀bà ní ẹ̀bi tirẹ̀, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀, àmọ́ ti ara yíyún kọ́.

Àwọn kan tún ti gbọ́ pé ajá kò gbọdọ̀ jẹ ọkà rárá, torí ìkookò ni baba ńlá rẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden fi hàn pé ẹ̀dà apilẹ̀ àbùdá (ohun àjogúnbá inú ara) tó ń bá ajá da oúnjẹ oníṣítáàṣì pọ̀ gan-an ju ti ìkookò lọ: ìkookò ní 2, ajá ní láti 4 dé 30. Ajá ti ń bá wa jẹun tipẹ́, ikùn rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ aláìlọ́kà tí wọ́n ń tà lówó gọbọi kì í ṣe oògùn ara yíyún.

Kí ló wá ń yún un? Ibi tó ń họ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìbàdí, níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀, ló ti ń bu ara rẹ̀ jẹ, eégbọn kékeré tó ń fò ni kí ẹ fura sí, kì í ṣe eégbọn ńlá tó ń so mọ́ etí. Ẹ lè má rí ẹyọ kan, torí ó yára, ajá á sì ti lá àwọn mìíràn gbé mì. Ẹ fi kóòmù eléyín tóóró ya irun ibẹ̀, kí ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí tíṣù funfun tí ẹ ti rin lómi. Bí àwọn kóró dúdú náà bá ń yọ pupa, ìgbẹ́ eégbọn ni, ẹ̀jẹ̀ ajá yín ló wà nínú rẹ̀. Ajá tí itọ́ eégbọn yìí kò bá lára mu lè họra fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ gé e jẹ. Èyí tó sì ń dani láàmú jù ni pé bí 100 bá wà nínú ilé, nǹkan bí 5 péré ló wà lára ajá. Ẹyin àti ìdin ló pọ̀ jù nínú ìyókù, wọ́n wà nínú ẹní, lábẹ́ àga, nínú ilé ajá. Ẹ wẹ ajá títí, ẹ ò tíì bá wọn jà.

Bó bá jẹ́ bèbè etí, ìgúnpá àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, tí irun ń re, tí awọ ń le gbagidi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kúrúnà. Kòkòrò Sarcoptes scabiei, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń gbẹ́ ihò sínú awọ. Àwọn dókítà ẹran ní ọgbọ́n kan tí ẹ lè dán wò nílé: ẹ fi ìka fọwọ́ ra bèbè etí náà, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́, kúrúnà ni kí ẹ fọkàn sí. Bí àwọn ọmọ inú ilé náà bá ti ń họ apá àti ikùn, kò sí abọ́ oúnjẹ ajá tó lè ṣàlàyé ìyẹn.

Ọmọ ajá tí irun re yí ojú rẹ̀ ká láìhọra púpọ̀ yàtọ̀. Kòkòrò tíńtín mìíràn, Demodex, ló sábà máa ń fa ìyẹn, ara ìyá rẹ̀ ló ti gbà á nígbà tó ń mu ọmú. Ajá tó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ àti abíyá rẹ̀ ṣáá, tó sì bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta, ó lè jẹ́ eruku ilé tàbí lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ni ara rẹ̀ kò gbà. Ìyẹn kì í lọ bọ̀rọ̀, àfi ká máa tọ́jú rẹ̀ lọ.

Ẹ ó ní, "Ṣùgbọ́n mo yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ó sì sàn." Mo gbà. Ṣé ọ̀sẹ̀ yẹn náà kọ́ lẹ fọ ilé ajá, tí ẹ wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́? Abẹ́rẹ́ steroid ń pa ara yíyún mọ́lẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ohunkóhun tó wù kó fà á. Oúnjẹ tuntun ló máa ń gba ìyìn. Tí abẹ́rẹ́ bá ṣiṣẹ́ tán, ajá á tún bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn á sì wá oúnjẹ mìíràn rà.

Oúnjẹ ni wọ́n ń bá wí títí, kúrúnà ń tàn kálẹ̀, nígbà tó bá wá burú ni wọ́n á sáré lọ bá mẹkáníìkì fún ọ́ìlì tó ti dúdú. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ́ìlì yẹn lè pa díẹ̀ nínú kòkòrò náà, òótọ́ ni, àmọ́ májèlé inú rẹ̀ ń gba awọ wọlé, ajá sì ń lá a. Ọ̀tápíápíá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n, ó sì lè kú lọ́jọ́ kan náà. Abẹ́rẹ́ ivermectin, oògùn kòkòrò tí wọ́n ṣe fún màlúù, náà kì í ṣe ohun àfojúdíwọ̀n. Àwọn ajá kan wà, bíi Collie, ajá òyìnbó tí wọ́n fi ń da àgùntàn, àti ìbátan rẹ̀, tí oògùn yìí lè da ọpọlọ wọn rú. Oògùn jíjẹ tó ń pa eégbọn àti kòkòrò kúrúnà papọ̀ wà báyìí, fluralaner àti afoxolaner. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ẹ fi wé owó àpò oúnjẹ tí ẹ ti ń pààrọ̀. Bí ajá yín bá ti ní gìrì rí, ẹ sọ fún dókítà kó tó fún un.

Ẹ̀bi ẹ̀bà nìyí: ajá tó ń jẹ ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ nìkan kò rí ẹran àti ọ̀rá tó tó, irun rẹ̀ á ṣá, awọ rẹ̀ á gbẹ, á sì rọrùn fún kòkòrò láti bá a jà. Ẹ fi ẹja ṣàwà tàbí títùs sí i, ẹ yọ egungun, ọ̀rá ẹja lè ran awọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú ọbẹ̀, alùbọ́sà ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Bó bá wá jẹ́ pé kò sí eégbọn, kò sí kúrúnà, tó ń họra láti ọdún dé ọdún, tí etí àti ìdí ń yún un, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń rọ̀ nígbà gbogbo, àkókò oúnjẹ dé nìyẹn. Nínú gbogbo ajá tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ dókítà, 1 sí 2 nínú 100 ló ní àlẹ́jì oúnjẹ. Láàárín àwọn tí ara ń yún, ó lè tó 9 sí 40 nínú 100, ó kù sí ọwọ́ ibi tí wọ́n ti kà á. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 kó ajá 297 jọ tó ní àlẹ́jì oúnjẹ: ẹran màlúù ló ń ṣe 34 nínú 100 wọn, wàrà 17, adìẹ 15, àlìkámà 13. Ohun tí ajá ti ń jẹ tipẹ́ ni ara rẹ̀ ń bá jà. Nítorí náà, bí àpò àtijọ́ bá ní adìẹ, tí tuntun náà sì ní adìẹ, orúkọ nìkan lẹ pààrọ̀.

Ẹ wá ẹran tí kò jẹ rí, bí ehoro, kí ẹ fi iṣu tàbí ọ̀dùnkún tì í, ọ̀sẹ̀ 8 gbáko. Kò sí bisikíìtì, kò sí egungun láti ọwọ́ ọmọdé, kò sí oògùn aládùn tó ní òórùn ẹran. Fún ọmọ ajá tó ṣì ń dàgbà, ẹ má dá a ṣe láìsí dókítà. Ọ̀pọ̀ máa ń jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó tó ọ̀sẹ̀ 5 kí ara bí 80 nínú 100 àwọn tó ní in tó balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà fún un. Bí ara bá tún yún un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí kò bá yún un, oúnjẹ kọ́ ló wò ó sàn, ẹ padà lọ yẹ ìdí ìrù àti etí rẹ̀ wò.