Ṣé ká kun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni, àbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Àkàndé Oníkẹ̀kẹ́: Ẹ dá sí i o. Kẹ̀kẹ́ bàbá bàbá mi ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Dúdú ni, ọ̀pá irin ló ń fa bíréèkì rẹ̀, kì í ṣe wáyà. Rímù ti dógùn-ún, awọ gàárì ti gbẹ gan. Sturmey-Archer AW (orúkọ ilé iṣẹ́ àti irú hábù náà) àti 38 ni wọ́n tẹ̀ sára hábù ẹ̀yìn, ìyẹn irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo fẹ́ ha ọ̀dà rẹ̀ dànù kí n kùn ún tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá dán an wò, a ò ní rí ojú ara wa.

Dánmọ́rán: Kùn ún jàre! Irin tí ìpáàrà bá ti ń jẹ, jíjẹ náà ni yóò máa jẹ lọ. Mo kun tèmi, gbogbo ẹni tó rí i ló rò pé tuntun ni.

Olówó Orí Hábù: Wọ́n rò pé tuntun ni! Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bọ̀dá Àkàndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sáńpépà yẹn jù sílẹ̀. Ìlà wúrà tí wọ́n fọwọ́ fà lè wà lábẹ́ ìdọ̀tí, àmì ilé iṣẹ́ náà lè wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ha á, omi tó dà sílẹ̀ ni. Ẹ fi epo díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ nù ún, kọ́lọ́fín ibì kan ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Aláwọ: Ẹ má jókòó lé gàárì yẹn o! Awọ tó gbẹ báyẹn á kàn ya ni. Ẹ má sì rì í sínú epo, á rọ̀ jù, á wá tẹ̀ wọnú bí abọ́. Ìpara awọ díẹ̀, lókè àti lábẹ́, ó tán. Gàárì mìíràn ni kẹ́ ẹ máa fi gùn ún.

Atọpinpin: Ẹ jẹ́ ká tọ́pa ọjọ́ orí rẹ̀ ná. 38 yẹn, ó lè jẹ́ 1938. 1936 ni AW jáde, nítorí náà ó bára mu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí hábù nìyẹn. Wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wá nọ́ńbà férémù lábẹ́ gàárì tàbí nísàlẹ̀ níbi tí irin pẹ́dà ti gba inú férémù kọjá. Ẹ wo ohun tó ń dán lára rẹ̀ náà: níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lò kí krómù tó gbòde ní nǹkan bí ọdún 1930. Ẹ bi àwọn àgbà ilé, ẹ wá fọ́tò. Dánmọ́rán, nọ́ńbà yìí gan-an ni àwọn aháọ̀dà máa ń lọ̀ run.

Dánmọ́rán: Ẹ ti sọ mí di ọ̀daràn! Gígùn ni kẹ̀kẹ́ wà fún, kì í ṣe ká gbé e kọ́ ògiri. Ta ló tiẹ̀ sọ pé bàbá yẹn ò kùn ún fúnra rẹ̀?

Olówó Orí Hábù: Ìbéèrè yẹn dáa. Tó bá jẹ́ bàbá ló fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, èmi ò ní ha ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó má gùn ún? Kó fi táyà, túùbù àti rọ́bà bíréèkì tuntun sí i, kó kó ti àtijọ́ pa mọ́. Gbogbo ìyẹn ṣeé tú padà. Ní ti ìpáàrà, kó fi ìda fẹ́lẹ́ bo irin kí omi má ráyè. Àfi tí férémù bá sán o. Ìyẹn, ẹ gbé e fún ẹni tó mọṣẹ́, torí ẹ̀mí ju ọ̀dà lọ.

Dánmọ́rán: Mo gbọ́ pé oxalic acid máa ń jẹ ìpáàrà kúrò láìha nǹkan kan.

Atọpinpin: Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n májèlé ni, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ó sì lè pa àwọ̀ ọ̀dà mìíràn dà.

Àkàndé Oníkẹ̀kẹ́: Mo ti nu abẹ́ gàárì, ibi tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Nọ́ńbà wà níbẹ̀, mẹ́ta péré ni mo rí kà. Ibi tí dúdú ti ṣí, àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Dánmọ́rán: Mo sọ! Wọ́n ti kùn ún rí.

Olówó Orí Hábù: Ẹ má tíì nù ún mọ́. Fọ́tò dà?