Ṣé fèrèsé ló máa gbà yín lọ́wọ́ èéfín súpà gúlù?

Ẹnìkan tún ti sọ bí èèyàn ṣe lè fi súpà gúlù mú àmì ìka ọwọ́ hàn lára nǹkan nínú ilé lánàá: "Kán súpà gúlù sínú ìdérí agolo, gbé e kaná, ṣáà ti ṣí fèrèsé. Kò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Wọ́n ní iná ló ń jẹ́ kí àmì ìka ọwọ́ hàn lára nǹkan. Irọ́ ni. Mo fi gúlù yìí lẹ apá awò ojú mi tó kán, mo sì dé e mọ́ inú páálí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, àmì àtàǹpàkò mi ti yọ funfun lójú dígí, fínnífínní, ìlà lórí ìlà. Mo nù ún títí, kò lọ. N kò dáná kankan o! Gúlù náà ń tú èéfín fúnra rẹ̀. Èéfín yẹn ló bá ọ̀rinrin àti òógùn tí ìka mi fi sílẹ̀ pàdé, ló bá gan síbẹ̀ bí ike.

"Ṣebí àwọn ọlọ́pàá ń gbé e kaná?" Bẹ́ẹ̀ ni, láti ìparí àwọn ọdún 1970 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Japan. Ṣùgbọ́n inú àpótí tó dé pa ni lónìí, ooru ibẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 120 °C lọ, ẹ̀rọ á sì ti fa èéfín náà tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Sítóòfù yín mọ 120 yàtọ̀ sí 300 ni? Tó bá ti kọjá nǹkan bí 200, gáàsì sáyánáìdì, tó jẹ́ májèlé, lè jáde lára rẹ̀. Kó tó débẹ̀ rárá, láàárín 80 sí 93 °C, omi ò tíì hó, èéfín rẹ̀ ti lè gbiná.

Ó dáa, mo gbà pé àwọn kan ti ṣe é láìfarapa. Ṣùgbọ́n èéfín tó ń wá ọ̀rinrin kiri, ojú àti ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó ńkọ́? Mo ti fi òwú nu èyí tó dà sílẹ̀ rí. Òwú náà gbóná lọ́wọ́ mi, ó rú èéfín láìsí iná nítòsí. Ojú ń ta mí, mo húkọ́ títí di alẹ́, bẹ́ẹ̀ fèrèsé méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ gbayawu.