Èsì wa sí oníbàárà tí ọ̀dà ọkọ̀ rẹ̀ kò gbẹ

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ síta, oníbàárà wa. Ìràwọ̀ 2 lẹ fún wa: ẹ ní ọ̀dà funfun tí ẹ fi kun ọkọ̀ ojú omi plywood tí ẹ kàn fúnra yín ti lo ọjọ́ 3, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, etí pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ti wú. Ẹ ní ayédèrú ọ̀dà ni.

A wo fọ́tò yín dáadáa. Orí ìjókòó, níbi tí kò sí epoxy (àtè olómi tí a fi ń bo pákó kí omi má wọ̀ ọ́) lábẹ́ ọ̀dà, ti gbẹ. Agolo kan náà sì ni. Abẹ́ ọ̀dà ni ọ̀ràn wà.

Bí epoxy bá ń gan, pàápàá nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù tó sì ní ọ̀rinrin, háádínà rẹ̀, èròjà tí a ń pò mọ́ ọn kó lè le, máa ń yọ ohun kan sójú tó ń yọ̀ bí àbẹ́là. Ojú lè má rí i. Ẹ fi ìka tó lómi rà á, ẹ ó mọ̀. Ọ̀dà olóròóró kì í fẹ́ gbẹ lórí rẹ̀. Tínà kàn ń fọ́n ọn káàkiri ni, omi ló ń ṣí i. Sáńpépà tí ẹ sì fi ha á láì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ má kun òmíràn lé e o. Ẹ ha èyí tó rọ̀ kúrò, ẹ fi àkísà àti tínà nu ìyókù. Ẹ wá fi omi mímọ́ àti kànìnkànìn líle fọ epoxy náà, kí ẹ nù ún kí omi ọ̀hún tó gbẹ síbẹ̀. Tó bá gbẹ, sáńpépà nọ́ńbà 80 títí dídán yóò fi tán, kí nọ́ńbà 120 tẹ̀lé e. Ẹ bo imú o. Bí ẹ bá wọ́n omi sí i tó ń ṣù jọ dípò kó tẹ́, ẹ tún un fọ̀. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ alágolo méjì (a máa ń po méjèèjì pọ̀) ni kó ṣáájú funfun. Ẹ má sì sọ pé epoxy nìkan tó: oòrùn á sọ ọ́ di pípọ́n, ojú rẹ̀ á sì máa di lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun.

Ti etí yẹn le jù, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹnu ibi tí a ti gé plywood ń fa omi bí òwú àtùpà. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ kùn ún, igi ti mu ún tán. Ẹ ha á dé igi, kó gbẹ lábẹ́ òrùlé, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá fi nǹkan lù ú tó ń dún bí ohun tó ṣófo, àwọn ìpele rẹ̀ ti ṣí, gígé ni. Bí kò bá dún bẹ́ẹ̀, epoxy ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan náà, kí ìkejì bá àkọ́kọ́ níbi tó ti ń lẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkẹta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀, torí igi tó ń gbóná sí i máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde, epoxy á sì hó. Epoxy 2 sí háádínà 1 ni ìpòpọ̀ tiwa; háádínà àfikún kì í mú un yá, rírọ̀ ló ń fà.

Ẹ̀bi tiwa ni pé lẹ́tà ìlànà fífọ̀ ẹ̀yìn agolo kéré jù. A kò ní dá owó ọ̀dà padà, àmọ́ ọ̀dà ìpìlẹ̀ ọ̀hún 1 ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi fọ́tò etí náà ránṣẹ́ tí ẹ bá ti ha á dé igi, kí ẹ tó kun ohunkóhun.