Oògùn nìkan kọ́ ni àgbàlagbà tó ní HIV nílò

Àwọn aláṣẹ ìlera ti bọwọ́ lù ú: àyẹ̀wò ìrántí àti ìmọ̀ràn lórí eré ìmárale ti kúrò nínú ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó ní kòkòrò HIV. Wọ́n ní owó ò tó, pé oògùn ló ṣe kókó. Orin tí wọ́n ń kọ nìyẹn láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti dín ìrànwọ́ kù ní 2025.

A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí oògùn. Láti 1996 tí àwọn oògùn alápapọ̀ ti dé, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní kòkòrò yìí dàgbà dé orí ewú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí lò ó? Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún gbé ike oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án, ó ń mì í, kò mọ̀ bóyá òun ti lo ti òní tàbí òun ò tíì lò ó. Bó bá ń fò ó léraléra, kòkòrò á gbérí, oògùn tí wọ́n torí rẹ̀ ń ṣọ́ owó á sì di àṣedànù. A ti kọ èyí rí, a ò sì ní yé kọ ọ́.

HIV kì í pẹ́ dé ọpọlọ lẹ́yìn tó bá wọ ara, ó sì lè fara pamọ́ síbẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò rí i mọ́. Nínú ìwádìí CHARTER tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010, èèyàn 1,555 tó ní HIV ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro ìrònú tàbí ìrántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọ̀pọ̀ wọn ò le. Ẹ wá fi ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìjókòó gẹlẹtẹ kún un.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà eré ìmárale jáde ní 2020, wọ́n dárúkọ HIV gan-an nínú rẹ̀: ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, àti eré tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Wọ́n ní ó ń mú ara le, ó ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù, kì í sì í mú kí àrùn náà burú sí i. Ní ti ìrántí, àwọn tó ń lo ara wọn dáadáa ló sábà máa ń ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò ìrònú, àmọ́ àwọn ìwádìí tó fi eré ìmárale dán an wò ṣì kéré, èsì wọn ò sì dọ́gba. Abẹ́ èyí làwọn aláṣẹ sá sí: "ẹ̀rí ò tíì tó." Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀rí wo lẹ ń retí kẹ́ ẹ tó ní kéèyàn máa rìn?

Ohun tí wọ́n yọ ò ju kí nọ́ọ̀sì béèrè pé: ọjọ́ mélòó lẹ rìn débi tí èémí yín yára lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé ẹ máa ń gbàgbé oògùn? Èló ni wọ́n rí fi pamọ́ níbẹ̀?

Kí wọ́n dá ìbéèrè méjèèjì padà sórí káàdì ìtọ́jú aláìsàn kí oṣù yìí tó parí. Ẹni tí orúnkún ń dùn nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní eré orí àga, ìyẹn sì lè gba owó díẹ̀. Tó bá jẹ́ lórí ìyẹn, a ti ṣe tán láti bá wọn jíròrò bọ́jẹ́ẹ̀tì.