Iṣẹ́ Apòògùn Kọjá Kíka Hóró Oògùn

Ojoojúmọ́ ni ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ń lo oògùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan ni ó ń fojú kan dókítà, lẹ́yìn tí ó bá ti tò láti ìdájí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Láàárín ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń bi í bóyá oògùn náà ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tàbí bóyá ọ̀wọ́ngógó ló mú kí ó máa dá hóró kan sí méjì. Ìgbà tí rọpárọsẹ̀ bá dá a wó ni àwọn ará ilé rẹ̀ tó máa ń mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ó ti pa oògùn tì.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ wa fi àmójútó irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lé àwọn apòògùn òyìnbó lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa san owó iṣẹ́ náà fún wọn.

Ní ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ 52 tí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ti ń gẹ irun, wọ́n sì kó ọkùnrin 319 tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ga jọ. Apá kan nínú wọn ni apòògùn ń wá bá nínú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, tí ó ń wọn ìfúnpá wọn, tí ó sì ń kọ oògùn fún wọn lábẹ́ àdéhùn tí ó bá dókítà wọn ṣe. Àwọn yòókù, ìyànjú onígbàjámọ̀ nìkan ni wọ́n gbà, pé kí wọ́n tún ìgbé ayé wọn ṣe, kí wọ́n sì lọ rí dókítà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, nọ́ńbà òkè ìfúnpá àwọn tí apòògùn ń tọ́jú ti fi 27 wálẹ̀, ti àwọn yòókù kò ju nǹkan bíi 9 lọ. Ọdún 2018 ni àbájáde yìí jáde, ó sì yẹ kí ó ti dé etígbọ̀ọ́ àwọn aláṣẹ wa.

Apòògùn tí à ń wí kì í ṣe ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣáà ti ṣí kẹ́míìsì sí ìkóríta, bí kò ṣe ẹni tí ó lo ọdún márùn-ún, ó kéré tán, ní yunifásítì, tí àjọ Pharmacy Council of Nigeria sì fún ní ìwé àṣẹ. Àwọn dókítà tí ń kọminú pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn, ìdáhùn náà kò sì ju pé kí àdéhùn wà ní kíkọ sílẹ̀: oògùn wo ni apòògùn lè fi kún un, ìgbà wo sì ni ó gbọ́dọ̀ dá aláìsàn padà sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó le jù. Lónìí, èrè orí oògùn ni apòògùn fi ń jẹun. Wákàtí tí ó bá fi gba aláìsàn nímọ̀ràn kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún un. Òfin ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà ètò bíi Ìlera Èkó lè san owó àmójútó yìí. Kí wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá àwọn aláìsàn ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí wọ́n sì gbé iye méjèèjì síta fún aráàlú.